Ta Ni Ń Jẹ́ Ogun?

Bí a bá bi àgbàlagbà kan ní orílẹ̀-èdè yìí léèrè ohun tí ó pa ènìyàn rẹ̀ láàárín 1967 sí 1970, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ogun ni ó pa á.” Ogun ni à ń pe ìjà, ogun náà ni à ń pe àwọn tí ń jà. Gbólóhùn yìí ń tu ni nínú, ṣùgbọ́n ó ń fi apànìyàn pamọ́. Ohun tí ó mú mi ronú sí i ni ìwé The Asaba Massacre, tí S. Elizabeth Bird àti Fraser M. Ottanelli kọ, tí ó jáde ní 2017.

Asaba wà létí Odò Ọya, ní apá Midwest tí kò bá Biafra lọ. Nígbà tí ọmọ ogun Biafra ti padà sọdá odò, tí ti ìjọba àpapọ̀ sì ti wọ ìlú, àwọn ará Asaba wọ aṣọ funfun ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1967, wọ́n jó jáde láti kí wọn, wọ́n ń kígbe pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn mọ̀. Àwọn ọmọ ogun ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Ogbe-Osowa, wọ́n sì fi ìbọn tí ń rọ̀jò ọta pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún nínú wọn.

Ohun tí mo yìn jù nínú ìwé náà ni pé ó jẹ́ kí àwọn tí ó yè sọ tẹnu wọn. A gbọ́ ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ òkú títí ilẹ̀ fi ṣú. A gbọ́ ti àwọn obìnrin tí ń wá òkú ọkọ àti ọmọ wọn kiri, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn sin wọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Nípa ẹni tí ó jẹ̀bi, àwíjàre pọ̀. Àwọn kan ní àwọn ará ìlú ni ó ń ti Biafra lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó ń jó, kò di ìbọn mú. Ẹ̀ka kejì ọmọ ogun, tí Murtala Muhammed jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ni ó wà ní Asaba. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Ta ni ó wá pàṣẹ? Kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀. Ní 2002, Yakubu Gowon, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà ogun, tọrọ àforíjì. Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun mọ̀. Mo gbà pé ẹni tí kò mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó pàṣẹ. Síbẹ̀, ẹni tí a fi ṣe olórí ni a ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àléébù kan ni mo rí: ohùn àwọn tí a yìnbọn fún pọ̀ gidigidi, ti àwọn tí ó di ìbọn mú kò tó nǹkan. Nítorí náà, a rí ọ̀nà tí ikú gbà dé Ogbe-Osowa, a kò rí ọ̀nà tí àṣẹ gbà dé ibẹ̀ kedere. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó bá dákẹ́, a kò lè bá a sọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ ìtàn àti ewì nípa ogun yìí ní èdè wa, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún “ogun ni ó pa á.” Ogun kò ní ọwọ́ tí yóò fi yin ìbọn. Bí a bá mọ ẹni tí ó ṣe é, kí a dárúkọ rẹ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí a sọ pé ènìyàn ni, kí a sì máa bèèrè.