Géèmù Ńlá Nínú Ikùn Kọ̀ǹpútà Kékeré

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, mo mọ̀ pé ewì ni ẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Ewì ń bọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi lọ́fun láti ìpàdé wa tó kọjá, níbi tí púpọ̀ nínú yín ti fohùn ṣọ̀kan pé iṣẹ́ tí a bá túmọ̀ tí kò bá pé pérépéré bí àtilẹ̀bá, kí a dà á sígbó. Mi ò gbà. Ẹ̀rí tí mo sì fẹ́ mú wá kò sí nínú ìwé kankan ní láíbírì wa. Inú géèmù ló wà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé àwọn èèyàn ní Japan, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, inú àpótí gíga ni géèmù ń gbé. Èèyàn á dúró síwájú rẹ̀, á sọ owó ẹyọ sí i lẹ́nu, á wá máa fi ọ̀pá kékeré kan darí ohun tó ń sá kiri lẹ́yìn gíláàsì. Owó bá tán, eré parí. Ilé iṣẹ́ Namco gbé Pac-Man jáde ní 1980. Nintendo gbé Donkey Kong jáde ní 1981. Ní 1982 ni kọ̀ǹpútà méjì tí mo máa dárúkọ jù níbí dé sọ́jà: Commodore 64 ní Amẹ́ríkà, ZX Spectrum ní ìlú Ọba. Ìyẹn ni pé ohun tó jẹ́ ti ìta lè wá di ti pálọ̀, bí ẹnì kan bá lè tún un kọ fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Àtúnkọ yìí ni mo ń pè ní ìtumọ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìfẹ́ ọkàn yẹn kò tíì kú. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Retro Games gbé THEC64 Mini jáde, Commodore kékeré tí bọ́tìnnì ara rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ (ẹwà lásán ni), pẹ̀lú géèmù 64 nínú rẹ̀. Wá Pac-Man níbẹ̀, o ò ní rí i. Wá Donkey Kong, kò sí. Bubble Bobble ńkọ́? Òun náà ò sí. Àwọn géèmù yẹn ní olówó, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n ní Japan, ẹnikẹ́ni ò sì lè kàn bù wọ́n sápò kó máa tà. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́, bó ti ń gbádùn géèmù 64, ojú rẹ̀ á ṣì máa wo ọ̀nà fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ni gbogbo wàhálà yìí. Ó ní ṣebí MAME wà. Òótọ́ ló sọ. Láti 1997 ni Nicola Salmoria, ará Ítálì, ti gbé MAME síta, ohun tó ń mú kí kọ̀ǹpútà wa ṣe bí àpótí géèmù gan-an. Pac-Man ti 1980, òun náà gẹ́lẹ́ lo máa rí, kò lé, kò dín. Kí ló wá dé tí èèyàn á tún máa fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fún mọ́ inú Commodore? Èmi náà bi í padà: ìwọ tó lè ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti 1938 ní Yorùbá, kí lo ń wá nínú èyí tí Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968? Ọwọ́ Ṣóyínká lò ń wá. Lára orúkọ ìwé nìkan, Fágúnwà ò ka iye irúnmọlẹ̀ rẹ̀. Ṣóyínká kà wọ́n, ó ní ẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àpótí, kó lọ bá MAME. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ẹnu kékeré ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá, kó jókòó tì mí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Pac-Man bẹ̀rẹ̀. Sikiríìnì rẹ̀ nínú àpótí, òòró ló dúró: àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké 224 ní ìbú, 288 ní gíga. Tẹlifíṣọ̀n ilé ní tirẹ̀ sùn gbalaja. Commodore 64 ní 320 ní ìbú, 200 péré ní gíga. Nítorí náà, àwọn ojú ọ̀nà wíwọ́ tí Pac-Man ń sá gbà ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ pẹlẹbẹ kí olùtumọ̀ tó kọ ohunkóhun. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí o kó ewì onílà kúkúrú ogójì sójú ìwé tó fẹ̀ tí kò ga. O máa so ìlà pọ̀ dandan, ibi tó o ti so ó ni mo sì ti máa mọ̀ bóyá o gbọ́ ewì náà.

Ìyẹn tiẹ̀ rọrùn. Àwọ̀ ni ẹjọ́ wà. Iwin mẹ́rin ló ń lé Pac-Man: Blinky pupa, Pinky pupa rẹ́súrẹ́sú, Inky dà bí ojú ọ̀run, Clyde dà bí ọsàn tó pọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Blinky ń lépa rẹ tààrà. Pinky ń lọ síwájú lọ dè ọ́. Inky ń wo ibi tí ìwọ àti Blinky wà kó tó pinnu ibi tó ń lọ. Clyde á sún mọ́ ọ dáadáa, á tún yà bàrá bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Àwọ̀ ni aṣeré fi ń mọ irú ewu tó ń bọ̀. Ọmọ ayò ò nílò àwọ̀: gbẹ́ ojú 12 sínú ilẹ̀, wá òkúta 48, ayò ni, kò sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n bí o bá pa àwọ̀ iwin rẹ́, ohun tí a máa ń ṣe lórí fóònù lo ṣe yẹn, tí a bá kọ “owo” láìsí àmì kankan. Ṣé owó ni, ṣé òwò ni, àbí ọwọ́?

Tod Frye kọ Pac-Man fún Atari 2600, ó sì jáde ní 1982. Ẹ̀rọ yẹn ò tiẹ̀ tó kọ̀ǹpútà. Ibi tó ń rántí nǹkan sí jẹ́ báìtì 128. Báìtì ni mo wí o, kì í ṣe KB. Gbogbo géèmù náà gbọ́dọ̀ wọ inú 4 KB. Ẹ̀rọ ò lè gbé iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ń gbé wọn jáde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lójú aṣeré. Àwọn èèyàn bú u nígbà náà, wọ́n ṣì ń bú u. Èmi ò ní bá wọn bú Frye, ohun tí wọ́n fún un kò tó nǹkan. Síbẹ̀ mi ò lè yìn ín. Ohun tó kọ́kọ́ sọnù níbẹ̀ ni ohun tó yẹ kó sọnù kẹ́yìn. Commodore 64 ní tirẹ̀ ní àwòrán mẹ́jọ tó lè máa rìn kiri fúnra wọn lójú sikiríìnì. Pac-Man àti iwin mẹ́rin ò tiẹ̀ kún un. Ẹ̀dà tí Atarisoft gbé jáde fún un ní 1983, mo ta á dáadáa lórí VICE, ètò tó ń ṣe bíi Commodore nínú kọ̀ǹpútà òní. Ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iwin kọ̀ọ̀kan wà nínú aṣọ tirẹ̀. Mo gbà á.

Ti Donkey Kong tún dùn mí wọra. Ojú eré mẹ́rin ló ní: ti àgbá tó ń yí bọ̀ lórí irin, ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ti lífítì, àti ti ìkẹyìn tí èèyàn á ti máa yọ àwọn irin tó de ilé náà pọ̀ títí ọ̀bọ ńlá yẹn á fi ṣubú. Nígbà tí Nintendo fúnra rẹ̀ gbé géèmù yìí sínú Famicom, ẹ̀rọ ilé tirẹ̀, ní 1983, ó gé ojú eré ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì dànù. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló gé iṣẹ́! Ní ọdún kan náà, Landon Dyer tó ń ṣiṣẹ́ ní Atari kọ tirẹ̀ fún kọ̀ǹpútà Atari, ojú eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pé síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ní ìpàdé pé ẹni tó bí ọmọ nìkan ló lè gbé ọmọ jó, ẹ wo èyí o.

Atari ìgbà yẹn kì í sábà fi orúkọ ẹni tó kọ géèmù síta. Dyer wá fi lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀, LMD, pa mọ́ sínú géèmù náà níbi tí èèyàn ò lè ṣèèṣì kàn án. Ọdún 2009 ni Don Hodges tó rí i, ọdún 26 gbáko lẹ́yìn tí géèmù jáde. Mo rò ó títí. Ìjálá mélòó ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti dà kọ láti inú rẹ́kọ́dà, tí orúkọ ọlọ́jà lábẹ́ igi tó bá wa mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ò sí níbì kankan nínú iṣẹ́ àṣejáde wa? Kò sí àyè LMD fún tiwọn.

Mo ní kí n sọ̀rọ̀ R-Type kí ìwé tó kún. Irem ló ṣe é ní 1987: ọkọ̀ kékeré kan ń bá àwọn abàmì jà lójú òfuurufú, ó ní bọ́ọ̀lù agbára kan tó lè so mọ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Bob Pape ló gbé e wá sórí ZX Spectrum, ó jáde ní 1988. Spectrum ò ní àwòrán tó ń rìn fúnra rẹ̀ bíi ti Commodore. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ya gbogbo nǹkan, kó pa á rẹ́, kó tún un yà. Àwọ̀ tún nìyẹn: pín sikiríìnì sí igun mẹ́rin kéékèèké, 8 ní ìbú, 8 ní gíga, àwọ̀ méjì péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Bí ọkọ̀ funfun bá kọjá níwájú ògiri pupa, àwọ̀ ọ̀kan á ta sí èkejì lára bí aró. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé géèmù sá fún èyí, wọ́n sọ ojú eré wọn di aláwọ̀ kan. Pape ò sá. Òfuurufú dúdú, dúdú sì ti jẹ́ ọ̀kan nínú méjì. Igun kọ̀ọ̀kan ṣì ku àwọ̀ kan láti fi ṣeré, ó sì lò ó yanjú. Kò yá tó ti àpótí. Tó o bá ta á fún ìṣẹ́jú márùn-ún, o ò ní rántí.

Nínú ìwé tí Pape kọ nípa iṣẹ́ náà, It's Behind You, a rí i pé wọn ò fún un ní ètò tí Irem kọ. Ó ń wo géèmù náà, ó ń ta á, ó sì ń tún un kọ láti inú ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èyíkéyìí nínú wa tó ti jókòó ti rẹ́kọ́dà, tó ń dá a padà sẹ́yìn nígbà ogún nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu akéwì, á mọ bí ẹ̀yìn ṣe máa dun ọkùnrin yẹn.

Àti pé, ta là ń tàn jẹ? Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yìí, lórí kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì rẹ̀ ò mọ ẹ, ọ àti ṣ olámì ìsàlẹ̀ ni a ti tẹ̀ ẹ́. Báírò la fi to àmì sí i kí a tó gbé e lọ ṣe fọ́tókọ́pì. Bí ẹ bá rí àmì tó dúró wọ́gọ, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní kí n mú géèmù kan péré kún inú THEC64 Mini, Bubble Bobble ni. Ti Taito ni, 1986, ìpele 100, aláǹgbá ńlá méjì tó ń fẹ́ ìfófó ọṣẹ lẹ́nu. Ẹ̀dà Commodore 64 ti 1987, tí Stephen Ruddy kọ, gba ìpele 100 náà mọ́ra, ó sì gba èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àpótí, bí ìwọ nìkan bá dá ta á dé ìparí, kò ní fi òpin tòótọ́ hàn ọ́. Àfi kí ẹ jẹ́ méjì. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ìpele 31 ni mo dá dé. Ẹni tó bá ní ọ̀pá ìdarí kejì, tí iná bá wà ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdé, kó mú un wá.