Iná Tó Mọ Àkókò

Bí ọmọ wa kan bá gbé Honda rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Houston, tó ní òun fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára sí i, ọ̀rọ̀ písítìnì ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé kọ́mpíréṣọ̀n rẹ̀ dé 12.5." Ẹ́ńjìnnì B18C tó wà nínú Acura Integra GS-R tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, 10 sí 1 ni Honda ṣe kọ́mpíréṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, ti Type R jẹ́ 10.6. Písítìnì tó máa gbé e dé 12.5 wà lọ́jà, ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè rà á lónìí olónìí. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni yóò máa sọ fún iná ìgbà tó yẹ kó ta?

Réwáyà ni mí. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí kọ́ńtáàtì ṣì pọ̀ nínú dísítíríbútọ̀ ọkọ̀, tí ọ̀gá mi ń fi páálí sìgá wọn àlàfo rẹ̀, tí yóò sì tọ̀nà. Iṣẹ́ tí kọ́ńtáàtì yẹn ń ṣe láti ìgbà tí Charles Kettering ti gbé e jáde ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, òun náà ni bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ń ṣe lónìí: jẹ́ kí iná wọ kọ́ìlì, kó kún, kí o wá já a lójijì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà máa ń rò ó wò kó tó já a. Ní 1979 ni Bosch kó iná àti epo pọ̀ sábẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, Motronic, nínú BMW 732i. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wa ti ń dùn mọ́ mi sí i.

Ẹ wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí lẹ́ẹ̀mejì lé ní ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìyípo 6,120 ní ìṣẹ́jú kan, kíráńkì rẹ̀ ń gba dígírì tó ju 36,000 kọjá láàárín àáyá kan yẹn. Inú ìṣẹ́jú tí ojú kò lè rí yìí la ti ń bá dígírì kan ṣoṣo jà. A ń fẹ́ kí agbára iná dé góńgó nígbà tí písítìnì bá ti kọjá òkè pátápátá díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 15, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ ti ta kó tó débẹ̀. Àmọ́ afẹ́fẹ́ àti epo tí a fún pọ̀ dáadáa máa ń yára jó ju èyí tí a kò fún tó bẹ́ẹ̀. Bí kọ́mpíréṣọ̀n bá ṣe ń ga sí i, ṣe ló yẹ ká máa dín dígírì tí iná fi ń ta ṣáájú kù. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí gbà pé ẹ́ńjìnnì líle ń fẹ́ iná tó tètè ta. Bí iná bá tètè ta jù, epo tó kù ní kọ̀rọ̀ sílíńdà yóò gbiná fúnra rẹ̀, ìró rẹ̀ yóò sì dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń mì nínú agolo mílíìkì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó tún tẹ tọ́tù sí i, owó písítìnì míì ló ń wá.

Plọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. A ó tẹ tọ́tù ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan, a ó pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, màá tú plọ́ọ̀gì, màá gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú. Bí mo bá rí àwọn èérún tó ń dán wínníwínní lára funfun rẹ̀, alumíníọ́mù ni, ara písítìnì ló ti ń bọ́. Lẹ́yìn náà, màá wo irin tó tẹ̀ kọdọrọ lórí rẹ̀. Iná máa ń fi àwọ̀ kan sí i lára. Bí àmì náà bá wà ní ṣóńṣó orí irin, dígírì kéré. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ibi tó tẹ̀ gan-an ni mo ń fẹ́ kó wà.

Ní ti kọ́ìlì, ìṣirò ló máa ń bá mi pinnu. Nínú ọkọ̀ tó ń lo dísítíríbútọ̀, kọ́ìlì kan ló ń bọ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ́ńjìnnì bá dé ìyípo 8,000, àlàfo tó wà láàárín iná kan sí èkejì kò ju mílísẹ́kọ́ńdì 3.75 lọ, bẹ́ẹ̀ kọ́ìlì lè fẹ́ tó nǹkan bíi mẹ́ta kó tó kún. Kò sí ààyè ìmí. Bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí plọ́ọ̀gì, àlàfo yẹn di 15. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ sì máa ń ta ko iná, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dín ẹnu plọ́ọ̀gì kù, ká ní láti 1.1 mílímítà sí 0.8, tí mo sì ń lo plọ́ọ̀gì NGK tó tutù sí i. (Nọ́ńbà ńlá ló tutù ní ti NGK, ti Champion, òdìkejì ni.) Àpótí iná MSD 6A dára, mi ò bú u, ṣùgbọ́n iná púpọ̀ tí wọ́n ń fi polówó rẹ̀ kò kọjá ìyípo 3,000, lókè ibẹ̀, ẹyọ kan ló ń ta. Kò sí bí iná ṣe lè lágbára tó tó máa tún àkókò tí kò dáa ṣe.

Nípa bíréènì bọ́ọ̀sì, P28 inú Civic 1992 sí 1995 ni àwọn ọmọ fẹ́ràn, nítorí èèyàn lè jó sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 28 mọ́ ọn, kó ki ṣíìpù sí i, tàbí kó fi Hondata S300 sínú rẹ̀. Èmi náà ti fi ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ kò ní etí: kò ní ohun tó lè fi gbọ́ ìró agolo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. P72 ti GS-R ní in. Nínú sílíńdà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 81 mílímítà, ìró yẹn máa ń wà ní nǹkan bíi 7 kìlóhẹ́ẹ̀tìsì, kọ̀ǹpútà ìgbàlódé tó ń dá dúró lè máa fetí sí ibẹ̀ gan-an, kó sì fa dígírì sẹ́yìn kí awakọ̀ tó fura. Fún ọkọ̀ 12.5 tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, kí wọ́n sì fi páànù eléyín 60 tí a yọ méjì kúrò nínú eyín rẹ̀ sí kíráńkì, torí pé bẹ́líìtì táímìnì ló ń yí dísítíríbútọ̀ Honda, bó bá sì ti ń gbọ̀n, àkókò iná náà á máa gbọ̀n.

Orí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ni adùn iṣẹ́ yìí wà. Màá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, màá máa fi dígírì kọ̀ọ̀kan kún un. Agbára á gòkè, á tún gòkè, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Bí mo bá fi méjì kún un tí ohunkóhun kò yí padà, màá yọ méjèèjì kúrò. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ rí èyí rárá. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Mi ò ní jẹ́ kó wà níbẹ̀, dígírì tí kò mówó wọlé, owó ló ń bọ̀ wá ná lọ́jọ́ tí oòrùn Texas bá mú. Lẹ́yìn náà màá ṣe máàpù kejì tí dígírì rẹ̀ tún kéré sí i, torí pé epo 93 la ń rí rà ní Houston, ṣùgbọ́n ní California, 91, tó máa ń tètè gbiná fúnra rẹ̀ jù ú lọ, ló wà nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù. Oníbàárà tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ní òun kò ní kúrò ní Texas láéláé, kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Mo ṣe é fún un.