Máàpù Àtijọ́ Nínú Ìwádìí Ìtàn Ìdílé: Ojú Lámèyítọ́

Nínú iṣẹ́ àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ lórí ìtàn ìlú àti ìdílé, máàpù àtijọ́ ti ń gba ipò ẹ̀rí. A yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n wọn a máa kà á bí ẹni pé kò ní òǹkọ̀wé. Ibẹ̀ ni àríwísí wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú máàpù Zaria, nọ́ńbà 102, ìpín gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, tí Federal Surveys tẹ̀ ní òṣùwọ̀n 1:50,000. Òkè Kufena wà nínú rẹ̀, odò Kubanni náà wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí bàbá ńlá rẹ̀ bá ojú irin wá sí Sábó ńkọ́? Ní òṣùwọ̀n yẹn, ilé tí ó fẹ̀ tó mítà 25 kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Máàpù lè fi àdúgbò hàn án. Kò lè sọ ẹni tó ni ilé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ìṣòro mìíràn wà. Àwọn sọ́féyọ̀ kì í fi àmì ohùn sórí orúkọ. “Owu” lè jẹ́ Òwu, ìlú. Ó lè jẹ́ òwú tí a ń ran. Ó sì lè jẹ́ owú tí orogún ń jẹ. Ẹni tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, àfi kí ó máa méfò.

Ẹ tún wo Orílé-Òwu ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ogun ti tú Òwu ká láàárín 1820 sí 1830, ọ̀pọ̀ wọn sì ti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta kí ọ̀rúndún náà tó dé ìdajì. Máàpù tí a yà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ogun kò lè fi ìlú tí ó tú hàn. Ọ̀rọ̀ náà “Orile” nìkan ni ó kù. Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, lẹ́tà márùn-ún lásán ni. Lójú wa, ó ń sọ pé àwọn kan ti ṣí kúrò níbí. Oríkì orílẹ̀ ni yóò sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Bákan náà, bí abúlé kan kò bá sí lórí máàpù, a kò lè torí ìyẹn sọ pé kò sí rí, pàápàá níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá wà.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí ó ń fi máàpù síwájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gba oríkì àti orúkọ abúlé sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó tó ṣí máàpù. Máàpù wà ní ibi ìpamọ́, ó lè dúró dè wá. Ní Sábó, àwọn àgbà tí ó lè pe orúkọ abúlé baba wọn bí ó ti yẹ kò pọ̀ mọ́.