Àwọn Tó Dúró Síwájú Omi: Lámèyítọ́ lórí Fọ́tò Odò àti Omi Ẹ̀rọ ní Ilẹ̀ Òkun

Akẹgbẹ́ mi kan, tí n ò ní dárúkọ, sọ níbi àpérò kan pé àwa Yorùbá ará Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi kò mọ ilẹ̀ wa yà ní fọ́tò. Ó ní òkè yí Kàbà ká, odò Oyì ń ṣàn, dáàmù ńlá wà ní Ejiba, síbẹ̀ kò sí fọ́tò tí ẹnìkan kò lọ dúró sí láàárín. Àwọn tó jókòó tì í ń mi orí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láti ìgbà tí Stephen Sprague ti tẹ àròkọ rẹ̀ lórí fọ́tò Yorùbá jáde nínú African Arts ní 1978, tó sì fi iṣẹ́ àwọn fọtógíráfà Ìlá Ọ̀ràngún ṣe àpẹẹrẹ, àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin pé àwòrán ojú ènìyàn nìkan ni Yorùbá ń yà. Sprague ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ka ojú ìwé méjì nínú rẹ̀ ni mo ń bá wí.

Òṣùwọ̀n tí akẹgbẹ́ mi fi ń wọ̀n wá ni fọ́tò ìgbèríko àwọn Gẹ̀ẹ́sì: odò tó dákẹ́, ọlọ àtijọ́ tí omi ń yí, afárá olókùúta, kò sí ẹ̀dá alààyè níbẹ̀ àfi bóyá pẹ́pẹ́yẹ. Ó dára. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀gá wọn. Ní 1886, Peter Henry Emerson àti T. F. Goodall, tí òun jẹ́ oníṣẹ́ ọ̀dà, gbé Life and Landscape on the Norfolk Broads jáde, fọ́tò 40 lórí adágún àti ipadò ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni “Gathering Water-Lilies”. Ọkùnrin kan jókòó sínú ọkọ̀, ó di àjẹ̀ mú. Obìnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó nawọ́ sí òdòdó òṣíbàtà. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò ní olólùfẹ́ méjì ló jáde ṣeré. Rárá o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe: inú ìgèrè ni wọn yóò fi òdòdó náà sí, kí ó lè fa ẹja wọlé. Ẹ mú obìnrin yẹn kúrò, ewé lórí omi ló kù, a ò sì ní mọ ohun tí omi náà ń bọ́.

Ohun tó tún wá dùn mọ́ mi nínú ni pé omi yẹn pàápàá kì í ṣe ti àdánidá. Ní àwọn ọdún 1950, Joyce Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kòtò tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ irà tí wọ́n ń fi dáná, ni omi kún tó fi di adágún. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Emerson kò lè mọ èyí ní 1886, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gbé òṣìṣẹ́ sí ibi tó yẹ òṣìṣẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Fọ́tò kan wà lórí tábìlì mi, dúdú òun funfun, láti inú álíbọ́ọ̀mù ẹbí kan ní Kàbà. Obìnrin kan wọ ìró àti bùbá, ó dúró ti ẹ̀rọ omi àdúgbò, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí ẹ̀rọ bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ. Garawa rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀, ó dojú dé. Ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ gbẹ táútáú, ó sán. Lẹ́yìn rẹ̀, páìpù náà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ títí ó fi pòórá sínú koríko, òkè sì wà lókèèrè, kò mọ́ lójú dáadáa nítorí ọyẹ́. Fọtógíráfà náà kò ya obìnrin yìí sí àárín gbùngbùn; apá òsì ló tì í sí, kí páìpù lè ráyè. Èèyàn tí kò mọ ilẹ̀ yà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Garawa tó dojú dé ń sọ pé omi kò wá lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ ń sọ ìgbà tí ó jẹ́, páìpù ń sọ ibi tí omi ìbá ti wá. Mo ti ka ìròyìn nípa omi ẹ̀rọ tí kò sọ tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tó yà á ti parẹ́ lára sítáǹpù ẹ̀yìn rẹ̀. “Photo” àti “Kabba” nìkan ló ṣeé kà.

Bí wọ́n bá ní ti Kàbà kéré, ẹ jẹ́ ká dé etí òkun l'Ékòó. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó ń gbé ní Berlin, ya Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ tó pè ní Sea Never Dry. Àwọn aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà ni, àwọn tó ń tajà, ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Láti ẹ̀gbẹ́ wọn la ti ń rí òkun. Wọ́n ti da iyanrìn sí ibẹ̀ báyìí fún ìlú tuntun Eko Atlantic, nítorí náà ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn olùjọsìn wọ̀nyẹn ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Documenta pe Akinbiyi ní 2017, kò sẹ́ni tó ní kò mọ ilẹ̀ yà. Kí ló dé tí irú ìdúró kan náà fi di àìmọ̀kan nígbà tó bá ti ọwọ́ fọtógíráfà Kàbà jáde?

Ibì kan wà tí akẹgbẹ́ mi fẹ́ẹ̀ jàre, òun gan-an kò sì mẹ́nu bà á: fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi. Níbẹ̀, fìlà àti agbádá gba gbogbo ojú fọ́tò, ẹnìkan mú sísọ́ọ̀sì, rìbọ́ọ̀nù ń fẹ́. O ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ omi ló wà lẹ́yìn tàbí ògiri ilé ìwé. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró síwájú omi ni mo ń gbèjà. Ẹni tí omi kàn ni mo ń gbèjà, ẹni tó wá pọn ọ́n tàbí tó fi ń dáko. Dáàmù odò Kampe ní Ejiba lè gba omi tó 250 mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta, oko ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ fi dróònù yà á láti òkè, yóò rẹwà bíi dígí, ṣùgbọ́n bóyá omi dé oko tàbí kò dé, àgbẹ̀ tó dúró létí kòtò omi nìkan ló lè fi í hàn nínú fọ́tò. Fọ́tò tí wọ́n ń yà láti orí Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja yàtọ̀: ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé gbòòrò ju ohun tí èèyàn kan lè dúró sí iwájú rẹ̀ lọ, n ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ gbòde ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò da nẹ́gátíìfù dúdú òun funfun wọn nù. Ohun tó kù wà ní pálọ̀ àti nínú àpótí. Mo bẹ àwọn tó ni álíbọ́ọ̀mù ní Kàbà, Ìsánlú, Mopa àti Ẹ̀gbẹ̀: ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò mọ́ páálí mọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ la ti fẹ́ ka orúkọ ẹni tó yà á.