Láti Ẹnu Ọlọ́jà sí Ojú Ìwé: Àtúpalẹ̀ Èdè Ìwé Ìléwọ́ Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àtúpalẹ̀ èdè inú ìwé ìléwọ́ tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá fi ń polówó ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Èrò wa ni pé kì í ṣe bébà tàbí àwọ̀ ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà di aláìwúlò, bí kò ṣe pé wọ́n ti pa ọgbọ́n ìpolówó àbáláyé tì. A fi ìpolówó alohùn ṣe òṣùwọ̀n, a sì dá àbá lórí ọ̀nà àtúnṣe.

Ìfáárà
Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn ti ń fi èdè Yorùbá bá àwùjọ sọ̀rọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe ti ìjọ àti ìjọba nìkan mọ́. Ní Ṣómólú ní Èkó àti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, aránṣọ, onídìrí, alásè àti alágbo lè wọ ilé ìtẹ̀wé, kí wọ́n sì gbé ẹgbẹ̀rún ìwé ìléwọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní háńbíìlì, jáde. Owó àjọ ni àwọn mìíràn fi ń ṣe é. Nítorí náà, bí ìwé náà bá di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà kí ẹnikẹ́ni tó kà á, kì í ṣe bébà nìkan ni ó ṣòfò.

Òṣùwọ̀n: Ìpolówó Alohùn
Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohùn ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ tàbí àgbàdo sísè mọ̀ pé ìpolówó Yorùbá ní ètò. Ọlọ́jà yóò dárúkọ ọjà. Yóò sọ ipò tí ọjà wà lọ́wọ́lọ́wọ́, pé ó gbóná, pé ó rọ̀, pé ó dùn. Yóò sì ké sí ẹni tí ọjà náà wúlò fún. Orúkọ ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kì í sábà jáde. Ọjà ni ó ń yìn, kì í ṣe ara rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí oníbàárà bá fajú ro nítorí owó, ọlọ́jà yóò rí i, yóò sì wá ọ̀rọ̀ fi tù ú. Ìwé kò lójú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ohun tí ẹnu ìbá dáhùn ti wà nínú rẹ̀: kí ni à ń tà? Èló ni? Níbo? Nígbà wo?

Àléébù Inú Ìwé Ìléwọ́
Kí a wo àpẹẹrẹ kan. Àwa ni a ṣẹ̀dá rẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ìgboro:

“LAGBAJA ATI AWON OMO. Olori gbogbo telo. A n ran orisirisi aso igbalode. Idanwo kan yoo da yin loju.”

Àléébù mẹ́ta ni a rí níbẹ̀. Èkíní, ara rẹ̀ ni aránṣọ ń yìn. Èkejì, gbólóhùn ìkẹyìn jẹ́ ìtumọ̀ ṣákálá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọjà. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ìwé náà kò mẹ́nu ba ohun tí ń ba oníbàárà lẹ́rù. Ta ni kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ẹni tí ó gbé aṣọ fún télọ̀ ni pé kí ọdún má dé bá aṣọ nílẹ̀? Bí a bá tún un kọ, ó lè lọ báyìí:

“Aṣọ Ìléyá yín yóò jáde kí ọdún tó dé. Ẹ gbé e wá kí oṣù tó lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń rán bùbá àti ṣòkòtò. A ó kọ iye owó àti ọjọ́ gbígbà lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àárín ọjà ni a wà.”

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìlérí tí ènìyàn lè dì mú. Ó tún di dandan kí aránṣọ mú un ṣẹ, nítorí ìwé tí ó ṣèlérí asán yóò lé oníbàárà sá ju àìpolówó lọ.

Ọ̀rọ̀ Àmì Ohùn
Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ lásán ni àmì ohùn. Kí wọ́n wo ìwé alágbo tí a kọ “OGUN EYIN” sí. Ṣé oògùn eyín ni tàbí oògùn ẹ̀yìn? Ẹni tí eyín ń dùn àti ẹni tí ẹ̀yìn ń ro kì í ṣe oníbàárà kan náà. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ náà bá rújú, kí ni yóò di? Kí oníṣòwò béèrè ẹ̀dà kan láti kà kí atẹ̀wé tó tẹ ìyókù.

Pínpín àti Ìtọpinpin
Ìwé tí ó dára tí kò dé ibi tí ó yẹ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ìwé aránṣọ ní ọ̀sẹ̀ ọdún ti pẹ́ jù. Ní ìlú tí èdè pọ̀ sí, ó sàn kí Yorùbá wà ní ojú kan, kí èdè kejì wà ní ojú kejì, ju kí a lú méjèèjì pọ̀. Bí a bá sì fi bébà aláwọ̀ kan pín ní ọjà, tí a fi òmíràn pín ní ibi ìnáwó, àwọ̀ tí oníbàárà mú wá yóò sọ ibi tí owó wa ti ṣiṣẹ́.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn kan yóò ní fóònù ti gba iṣẹ́ ìwé ìléwọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá nítumọ̀ lórí bébà kò lè nítumọ̀ lórí WhatsApp. Àbá wa ni pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi kíkọ ìpolówó kún ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti ti ẹ̀kọ́ òwò jọ kọ ìwé fún àwọn tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa. Ọgbọ́n náà kò tíì sọnù. Àwọn tí ń kiri ọjà ṣì ń lò ó ní àràárọ̀. Ojú ìwé ni kò tíì dé.