Ojú Kan Là, Ojú Kan Dì

“Mítà kì í purọ́,” ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ríwáyà l’Ákùúrẹ́ máa ń wí. Mi ò já wọn nírọ́ rí lójú ara wọn, àmọ́ mítà ń purọ́. Gílóòbù ni kì í purọ́.

Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, létí títì tó lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó ni mo mọ̀ jù: iná ẹ̀yìn, fèrè, sítátà. Nígbà tí tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá wa Toyota Celica ọdún 1988 wọlé láti Oǹdó, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pa iṣẹ́ tì. Ọkọ̀ eré pupa, tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, tí iná iwájú rẹ̀ ń sùn sínú ara ọkọ̀ títí wọn yóò fi tẹ bọ́tìnnì kó tó dìde. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ yìí ló gba Safari Rally ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1984, 1985 àti 1986. Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn?

Ojú ọ̀tún ń là. Tòsì á gbọ̀n pìpì bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, á tún sùn padà. Wọ́n ti pààrọ̀ mọ́tò tó ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì níbòmíì, wọ́n ti pààrọ̀ rílè. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí èèyàn máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Iná tó ń bọ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Èwo ni ti èyí tó ń padà? Iná ń ti orí pọ́sítíìfù jáde, á gba inú wáyà lọ ṣiṣẹ́, ara irin ọkọ̀ ló sì ń gbà padà sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn là ń pè ní áàtì.

Fíùsì ò jó. Mo yọ ẹnu wáyà mọ́tò òsì, mo fi mítà kàn án: 12.6. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, iná dé bẹ̀.” Ó dé lóòótọ́, àmọ́ mítà ò gbé ẹrù. Bó ku irun wáyà kan ṣoṣo tí kò tíì já, á ṣì ka 12 fún ẹ. Mo gbé gílóòbù 21 wáàtì mi tó ní wáyà méjì jáde, mo fi kan ibẹ̀. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Mo wá mú ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrò lára áàtì, mo fi kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gan-an. Ó tàn yòò!

Wáyà áàtì Toyota, funfun ni, pẹ̀lú ìlà dúdú. Mo tọ̀ ọ́ lọ títí mo fi bá bóòtù kan lábẹ́ iná náà, ó pupa bí ara ọkọ̀. Ẹni tó kun ọkọ̀ náà ti tú wáyà, ó kun ojú irin, ó wá dì í padà lé ọ̀dà lórí. Eyín bóòtù nìkan ni iná ń rí fà kọjá.

Sáńpépà, ìṣẹ́jú mẹ́ta, gírísì díẹ̀. Owó wákàtí méjì tí mo fi wá a ni mo gbà.

Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Ojú méjèèjì là pọ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó dì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó là. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi.”