Ọkọ Àtijọ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Ọkọ àtijọ́ tó padà wá da ilé obìnrin rú kò ṣòroó kọ sínú eré tẹlifíṣọ̀n: kó pariwo, kó fọ́ ilẹ̀kùn, ó parí. Àwọn tó kọ EastEnders, eré BBC tó wáyé ní Walford, àdúgbò àròsọ kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 2002.

Trevor Morgan, tí Alex Ferns ṣe, lè fi ohùn jẹ́jẹ́ àti ẹ̀rín dẹ́rù bani ju igbe lọ. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ara Little Mo, ìyàwó rẹ̀ tí Kacey Ainsworth ṣe, ojú Ainsworth ti máa ń sọ fún wa pé ìyà ń bọ̀.

Àwọn tó kọ eré náà kò kánjú. Wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà fi áyọ́ọ̀nù gbá Trevor lórí, kó ṣẹ̀wọ̀n, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀, kó sì rí ìfẹ́ lọ́dọ̀ Billy Mitchell, tí Perry Fenwick ṣe. Billy kì í ṣe akọni rárá. Àmọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ iye ohun tí Trevor fẹ́ bà jẹ́. Nígbà tí iná sì pa Trevor, ó pa Tom Banks, panápaná tó fẹ́ yọ ọ́, mọ́ ọn: ìwà ìkà kan kì í pa ẹnì kan ṣoṣo lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré Yorùbá, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká fẹ́ràn ilé náà, kí ẹ tó rán ẹni tí yóò wó o wá.